Bí ẹ bá dé odi Conwy, ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Bírikìlà ni mí n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Wales ló mú mi dé Conwy. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ fẹ́ lọ kí ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe wo odi ìlú náà.

Ẹ má kọ́kọ́ gun òkè odi. Nígbà tí bàbá mi mú mi lọ wo Erédò Sùngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, inú yàrà ló kọ́kọ́ mú mi sọ̀ kalẹ̀ sí, ó ní kí n gbójú sókè. Ilẹ̀ pupa dúró tì mí lọ́tùn-ún lósì. Láwọn ibì kan, láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀ yàrà tó 20 mítà. Ó ní, "Ibi tí ọ̀tá máa dúró sí nìyí." N kò gbàgbé rẹ̀ láé.

Ní Conwy, ẹ gba Town Ditch Road tó wà lẹ́yìn odi. Yàrà ìlú ni orúkọ ọ̀nà yẹn ń wí! Ẹ rọra rìn, kí ẹ máa wòkè.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọlé, kí ẹ wo àwọn ilé-ìṣọ́ láti inú ìlú. Mọ́kànlélógún ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní ògiri lẹ́yìn. Pákó ni wọ́n fi ṣe afárá kọjá àlàfo náà. Bí ọ̀tá bá gun apá kan, wọ́n á yọ pákó, ọ̀tá á há síbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ilé kíkọ́, síbẹ̀ mo dúró tì í títí ọmọ mi fi wá fà mí lọ́wọ́.

Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí wọ́n mọ ọ́n, láàárín 1283 sí 1287. James ti St George ni ọ̀gá àwọn mọlémọlé. Odi náà gùn tó kìlómítà kan ààbọ̀ ó dín díẹ̀, ibodè mẹ́ta ló ní. Nítòsí Porth y Felin, ọ̀kan nínú àwọn ibodè náà, ẹ wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjìlá tó yọ síta lára odi, tí wọ́n tò tẹ̀léra. Àwọn ọmọ á fẹ́ràn ìyẹn.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó gun òkè. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, nítorí òkúta ibẹ̀ máa ń tutù, ọ̀nà sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ lọ dé ilé-ìṣọ́ tó ga jù lọ, lápá òkè ìlú. Láti ibẹ̀ lẹ ó ti rí gbogbo òrùlé ìlú, ààfin olódi ọba, àti odò lẹ́yìn rẹ̀.