Bí A Ṣe Lè Mú Kí Ilé-Iṣẹ́ Rélùwéè Àwòṣe Gbé Ọkọ̀ Òde Òní Jáde

Ẹ ṣí ìwé ọjà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe rélùwéè àwòṣe, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin kéékèèké tí a ń tò sílé, ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì eléèédú lóríṣiríṣi, ẹ ó rí kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti kó kúrò lójú irin kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Wágùnù tó ru kọ̀ǹtéínà kọjá lójú yín láàárọ̀ yìí ńkọ́? Ẹ lè wá a títí kó má sí níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ọkọ̀ òde òní náà lẹ́wà, òun sì ni àwọn ọmọ tó ń dàgbà báyìí mọ̀. Àmọ́ ẹ̀hónú nìkan kì í mú ilé-iṣẹ́ ṣe nǹkan. Ohun tó ń dá wọn dúró ni ìbẹ̀rù pé ọjà á kùtà. Ẹni tó bá lè bá wọn dín ìbẹ̀rù yẹn kù ni wọ́n máa ń dá lóhùn, bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí owó wọn ń lọ

Owó tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ike, kì í sì í ṣe ti ọ̀dà. Ti mọ́ọ̀dù ni. Kí wọ́n tó lè da ara ọkọ̀ kan, wọ́n á kọ́kọ́ yà á sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá gbẹ́ ẹ sínú irin líle tí wọ́n á máa fún ike gbígbóná sí. Wọ́n á ti san owó irin yẹn tán kí wọ́n tó ta ẹyọ kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti pinnu títí tí ọjà á fi dé ṣọ́ọ̀bù lè tó ọdún méjì, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú gbèsè ni wọ́n sì wà lórí ọjà yẹn ní gbogbo àsìkò náà.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ràn ọkọ̀ tí mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lè gba ọ̀dà púpọ̀. Ẹ wo Vectron, ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ Siemens ti Jámánì gbé jáde lọ́dún 2010. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè tó ń lò ó ní Yúróòpù pọ̀, àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì háyà náà ń lò ó, oníkálukú sì ń kùn ún bó ṣe wù ú. Ara kan náà, ọ̀dà lóríṣiríṣi. Abájọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwòṣe fi ń ṣe é: Märklin ṣe é, Roco ṣe é, Piko náà ṣe é.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ICE 4, ọkọ̀ ojú irin ayára ti Jámánì. Èyí tó ní kọ́ọ̀ṣì 12 gùn tó mítà 346. Ní ìwọ̀n H0, níbi tí a ti ń pín gbogbo nǹkan sí ọ̀nà 87, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́rin. Tábìlì ta ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Kọ́ọ̀ṣì àárín rẹ̀ kan ṣoṣo á tó sẹ̀ǹtímítà 33, ó sì gbọ́dọ̀ lè yí ìtẹ̀kòrò irin R1 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní nílé, tí rédíọ́sì rẹ̀ jẹ́ 360 mm. Orí ọkọ̀ náà fẹ́ mọ́ọ̀dù tirẹ̀, kọ́ọ̀ṣì ibi ìjẹun fẹ́ tirẹ̀, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan ló ni gbogbo rẹ̀, ọ̀dà tó ń lò kò sì pọ̀. Àwọn kan ti ṣe é, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń béèrè fún irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrù ńlá lòun ń gbé lé wọn lórí.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí wágùnù kí ẹ tó fẹnu ba ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì kan lè má tún rà á mọ́. Ẹni náà gan-an lè ra wágùnù mẹ́wàá, nítorí pé wágùnù kan ṣoṣo lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ńlá kò bójú mu. Tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti ní ẹ́ńjìnnì òde òní lórí àtẹ, tí kò sì ṣe ohun tí ẹ́ńjìnnì yẹn ń fà, ẹ ti rí ẹnu ọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ọkọ̀ òde òní fún wa” kò ní ìdáhùn. Wọn ò mọ èyí tí ẹ ń wí.

Ẹ jẹ́ ká fi táńkì epo ti Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ọkọ̀ ojú irin tó ru epo rọ̀bì yẹ̀ kúrò lójú irin ní Lac-Mégantic ní Kánádà, ó gbiná, ènìyàn 47 sì kú. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé òfin tuntun jáde lọ́dún 2015 lórí táńkì tó ń gbé ohun tó lè gbiná. Táńkì DOT-117 tí òfin yẹn bí kì í ṣe ẹgbẹ́ DOT-111 àtijọ́. Irin ara rẹ̀ nípọn sí i, wọ́n fi irin mìíràn wọ̀ ọ́ láṣọ láti òde, irin ààbò sì bo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dá a mọ̀ látòkèèrè. Tí ẹ bá kàn béèrè fún táńkì epo, wọ́n lè mú mọ́ọ̀dù DOT-111 tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tún un kùn, kí wọ́n sì sọ pé àwọn ti dá yín lóhùn.

Nítorí náà, ẹ kọ irú ọkọ̀ náà, ilé-iṣẹ́ tó kàn án, ọdún tí wọ́n kàn án, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ọ̀dà tí ẹ fẹ́ àti ìwọ̀n àwòṣe tí ẹ ń lò. Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń lo H0 (1:87), ẹni tó ń lo OO ti Bìrìtìkó (1:76) àti ẹni tó ń lo N (1:160) kì í ra ọjà kan náà. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wò ó dáadáa bóyá ilé-iṣẹ́ mìíràn ti kéde rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ ná owó mọ́ọ̀dù sórí ohun tí ẹlòmíràn ti fẹ́ gbé jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ bá wọn ṣe ìwádìí

Ibí yìí ni ènìyàn bíi tiyín bíi tèmi ti wúlò jù lọ. Ilé-iṣẹ́ lè má ní ẹni tó lè dúró ní ibùdókọ̀ láti máa retí wágùnù kan. Àwa ní àkókò, a sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Ẹ ya àwòrán ọkọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́, kí kámẹ́rà kọjú sí àárín rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì dúró jìnnà díẹ̀ kí ara ọkọ̀ má bàa dà bíi pé ó tẹ̀. Ẹ yà á láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Ẹ gun afárá tí gbogbo ènìyàn ń gbà, kí ẹ ya òrùlé rẹ̀, nítorí òrùlé ni ẹni tó ní àwòṣe nílé máa ń rí jù, òun náà sì ni àwòrán rẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù. Ẹ ya ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí àwọn kẹ̀kẹ́ irin ti so pọ̀. Ẹ ya páìpù bíréèkì, ìkọ́, àkàbà, àtàwọn lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n kọ sára rẹ̀ débi tó ṣeé kà. Ibi tí òfin gbà yín láyè ni kí ẹ dúró sí o. Kò sí àwòrán tó yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ bọ́ sójú irin.

Ìwọ̀n ńkọ́? Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, kó gbé téèpù lọ sábẹ́ ọkọ̀ tó lè gbéra nígbàkigbà. Rúlà ti wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ 1,435 mm ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lo ojú irin oníwọ̀n gbogbogbòò. Tí ẹ bá ya ọkọ̀ láti iwájú, ẹ fi àlàfo yẹn ṣe òdiwọ̀n, ẹ ó mọ bí ọkọ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Láti ẹ̀gbẹ́, kọ̀ǹtéínà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 gùn ní mítà 12.192. Ká ní ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 nínú àwòrán yín, tí wágùnù tó gbé e gùn ní 24: ẹ pín 24 sí 20, ẹ fi ìdáhùn ná 12.192, ẹ ó rí mítà 14.6 ó lé díẹ̀. Òdiwọ̀n lásán ni, ẹni tó máa ya mọ́ọ̀dù á ṣì wá èyí tó péye, àmọ́ ó tó láti fi hàn pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ẹ kọ ọjọ́, ibi àti nọ́ńbà ọkọ̀ sídìí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan tó wà létòlétò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda

Ọkọ̀ àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá sílé kì í sábà fa wàhálà. Ọkọ̀ òde òní ní ẹni tó ni ín, ẹni náà sì lè ní kí wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó lo orúkọ àti àmì òun. Lọ́dún 2004, Union Pacific, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní Amẹ́ríkà, pe Athearn àti Lionel tó ń ṣe àwòṣe lẹ́jọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà tó di 2006, tí òun àti MTH, ilé-iṣẹ́ àwòṣe mìíràn, parí èyí tó wà láàárín wọn, ló tó fi owó tó ń gbà lórí àmì rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ tètè wádìí ẹni tó ni ọkọ̀ tí ẹ fẹ́. Ó lè má jẹ́ ilé-iṣẹ́ rélùwéè rárá: ọ̀pọ̀ wágùnù ní Yúróòpù jẹ́ ti VTG, ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà sì jẹ́ ti TTX, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè wágùnù fún ẹlòmíràn láti lò. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bá aráàlú sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àmì, kí ẹ fi èsì wọn sínú fáìlì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lẹ́tà náà

Ojú ewé kan ti tó. Ẹ kọ ọ́ sí ẹni tó ń bójú tó ọjà tuntun. Ẹ sì yan ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣe ìwọ̀n yín àti ọkọ̀ agbègbè yẹn. Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń béèrè pé kí ẹ ṣe wágùnù tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí ní ìwọ̀n H0. Ẹ́ńjìnnì tó ń fà á ti wà lórí àtẹ yín, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á kò rí wágùnù tó bá a mu so mọ́ ọn. Mọ́ọ̀dù kan á tó fún gbogbo àwọn tó ni irú wágùnù yìí tí a to orúkọ wọn sísàlẹ̀, ọ̀dà wọn ló yàtọ̀ síra. Àwòrán rẹ̀ àti ìwọ̀n tí a rí wà nínú fáìlì tí a fi ránṣẹ́. Orúkọ àwọn tó fẹ́ rà á àti iye tí oníkálukú fẹ́ wà níbẹ̀ náà. Tí ẹ bá nílò àwòrán ibì kan sí i, a ti ṣe tán láti lọ yà á.”

Kò sí èébú níbẹ̀. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé àwọn aládìíje wọn sàn jù wọ́n lọ.

Tí ẹ bá lè fojú kojú pẹ̀lú wọn, ó tún dára sí i. Ìpàtẹ ohun ìṣeré tó máa ń wáyé ní Nürnberg ní Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti máa ń fi ọjà tuntun hàn, àmọ́ àwọn oníṣòwò ni wọ́n ṣe é fún. Àfihàn tí àwọn ẹgbẹ́ rélùwéè àwòṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn ló rọrùn jù. Ẹ dé ibẹ̀ nígbà tí èrò ò tíì pọ̀, ẹ sọ tẹnu yín ní ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ sì fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí owó

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ ọwọ́ tó mú owó dání ni ilé-iṣẹ́ ń kà. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè fọwọ́ síwèé pé àwọn fẹ́ nǹkan, kí ìwọ̀nba díẹ̀ rà á lọ́jọ́ tó bá dé. Àwọn oníṣòwò mọ èyí dáadáa. Owó àsansílẹ̀ ló ń yí wọn lọ́kàn padà.

Ọ̀nà kan ni kí ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù gba iṣẹ́ náà, kí ó ṣèlérí pé òun á ra iye kan pàtó. Ọ̀nà kejì ni kí àwọn tó fẹ́ ẹ dáwó jọ. Báyìí ni ilé-iṣẹ́ àwòṣe Revolution Trains ṣe ṣe Pendolino, ọkọ̀ Class 390 ti Bìrìtìkó, ní ìwọ̀n N: àwọn tó fẹ́ ẹ ló sanwó ṣáájú, Rapido Trains ti Kánádà sì bá wọn ṣe é. Ní Ireland, àwọn olólùfẹ́ rélùwéè kan dá Irish Railway Models sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí wágùnù, òun ló sì bí Accurascale tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì lónìí.

Tí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ ṣọ́ra. Ẹ béèrè ibi tí owó náà á wà, ìgbà tí wọ́n á fọwọ́ kàn án, àti bí oníkálukú ṣe máa gba tirẹ̀ padà tí iṣẹ́ náà bá forí ṣánpọ́n. Ẹ gba ìdáhùn sínú ìwé. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Tí wọ́n bá gbà, tí wọ́n bá kọ̀

Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ má sọ̀rètí nù. Ilé-iṣẹ́ kì í sọ ohun tó ń gbèrò títí á fi ṣe tán láti kéde. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́fà, ẹ tún kọ̀wé, kí ẹ fi ohun tuntun kún un: àwòrán òrùlé tí ẹ ò ní tẹ́lẹ̀, tàbí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ti ra irú wágùnù náà. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lọ bá àwọn kéékèèké tó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ṣe ara ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí tiwọn bá tà, ẹ ti ní ẹ̀rí tí ẹ máa gbé padà wá.

Tí wọ́n bá gbà, iṣẹ́ yín kò tíì tán. Wọ́n sábà máa ń fi àwòrán kọ̀ǹpútà hàn kí wọ́n tó gbẹ́ irin. Àkókò yẹn ni kí ẹ gbé àwòrán yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn: ṣé iye fèrèsé pé, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbi tó yẹ, ṣé páìpù wà ní apá tó tọ́? Ẹ kọ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán tó fi í hàn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kíákíá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ́ irin, àtúnṣe di owó ńlá, wọ́n sì lè fi àṣìṣe náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ìwé àsansílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó kọ orúkọ sínú lẹ́tà yẹn san tirẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí iye tó bá wọlé lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n á wò nígbà tí ẹ bá tún kọ̀wé béèrè òmíràn.