Ìrírí mi: Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan lórí pọ́ǹpù ìfínko ṣe di ọjọ́ mẹ́ta ní Ògbómọ̀ṣọ́

Omi lásán ni a fẹ́ fín, láti fi mọ iye tí pọ́ǹpù ìfínko kọ̀ọ̀kan ń tú. Kò sí ẹ̀kán oògùn kankan nínú pọ́ǹpù, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣètò ọjọ́ kan fún gbà. Owó ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́jọ di ìlọ́po mẹ́ta, mo sì ra nọ́súlù, ẹnu ọ̀pá pọ́ǹpù tí omi ń gbà tú jáde, lẹ́ẹ̀méjì. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo tó fún mi láti rí gbogbo ohun tó dá wa dúró, ká ní mo ti wọn àwọn pọ́ǹpù yẹn kí n tó pe ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára nìyí. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ni alábòójútó blọ́ọ̀kù bí èmi máa ń ní lábẹ́ rẹ̀, EA ni a ń pè wọ́n, àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀ lóko. EA kọ̀ọ̀kan sì ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ mẹ́jọ tó ń bẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí ọjọ́ tó ṣẹ́kù wà fún ìpàdé, ìwé kíkọ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tí a ń pè ní FNT. Láti ọdún 1975 tí ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe ni iṣẹ́ wa ti ń gba ọ̀nà àkàsọ̀ báyìí dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Bí mo bá kọ́ àwọn mẹ́jọ yìí ní àṣìṣe kan lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹgbẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni yóò ti gbọ́ ọ, tí wọn yóò sì gbé e lọ sóko.

Àṣìṣe náà wà nílẹ̀ kí n tó dé ipò. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe alábòójútó, mo lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn aṣíwájú tuntun. A gbọ́ nípa bí a ṣe ń darí ìpàdé, bí a ṣe ń kọ ìròyìn oṣù, bí a ṣe ń parí ìjà láàárín òṣìṣẹ́. Ẹ̀kọ́ gidi ni, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fún wa láti fi kọ́ àwọn EA nípa oògùn apakoríko kò ju ìlà kan lọ: agolo mílíìkì méjì sí táǹkì kan. Ẹnikẹ́ni kò gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì béèrè pé táǹkì mélòó ni éékà kan ń gbà.

Àwọn àgbẹ̀ wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire àti Sùúrùlérè ti ń ráhùn tipẹ́. Oògùn kan náà, oṣù kan náà, koríko ẹ̀kan kú lóko ẹnìkan, ó yọ padà lóko ẹnìkejì. Láti ìgbà tí NAFDAC ti fòfin de paraquat ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, glyphosate ni ọ̀pọ̀ wọn gbára lé. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti pọ̀ sí i. Paraquat máa ń jó ewé láàárín wákàtí díẹ̀, àgbẹ̀ á rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Glyphosate ní láti gba inú ewé sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò, ó sì lè gbà tó ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá kí koríko tó gbẹ. Àgbẹ̀ tí kò rí àyípadà ní ọjọ́ kejì á rò pé oògùn kò pọ̀ tó, á sì bu agolo kẹta kún un.

Lẹ́tà ìpè, oúnjẹ, orúkọ àwọn tó wá, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ilẹ̀ líle tó gbẹ ni kí ẹ wá, tí ipa omi á fi hàn lórí rẹ̀. A na okùn 100 mítà sílẹ̀. Ní kí EA kọ̀ọ̀kan gbé pọ́ǹpù tirẹ̀ tó ń lò lóko wá. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Fọ pọ́ǹpù náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó má bàa jẹ́ pé oògùn àná ni ẹ ń fín síra yín lára. Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́, oko tí wọ́n fín oògùn náà sí ni kí ẹ fín in sí, kì í ṣe ẹ̀bá odò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí nọ́súlù bá ń fín fẹ̀ tó mítà kan, tí o rin okùn 100 mítà yẹn já, ilẹ̀ 100 mítà onígun mẹ́rin lo fín. Bí o bá lo ìṣẹ́jú àáyá 100 láti rìn ín, tí nọ́súlù sì ń tú 1.2 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan, lítà 2 ni o ti lò. Ìyẹn jẹ́ lítà 200 fún hẹ́kítà, tó jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ yẹn, tàbí nǹkan bíi lítà 80 fún éékà, èyí tí í ṣe táǹkì onílítà 16 márùn-ún. Bí ìwé ara gálọ́ọ̀nù bá ní kí a lo lítà 4 fún hẹ́kítà, lítà 1.6 ni ti éékà. Pín in sí táǹkì márùn-ún, mílílítà 320 ni táǹkì kan. Agolo mílíìkì méjì kò jìnnà sí iye yẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti wọ̀n ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí pọ́ǹpù tirẹ̀ ni, pẹ̀lú ìrìn tirẹ̀.

Ọjọ́ kìíní la ti rì. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fín omi sínú jọ́ọ̀gì ìwọ̀n fún ìṣẹ́jú kan, mo ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Pọ́ǹpù kan tú 0.9 lítà, òmíràn 1.1, òmíràn 1.5, òmíràn 1.8, èyí tó burú jù lọ sì dé 1.9. Mẹ́jọ, kò sí méjì tó bára mu. A bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń tú omi jù, ihò nọ́súlù wọn ti fẹ̀. Okùnfà rẹ̀ méjì ni: omi odò tó ní yanrìn, tí wọ́n ń bù láìsẹ́, nítorí wọ́n ti yọ asẹ́ ẹnu táǹkì sọnù pé ó ń dí àwọn lọ́wọ́, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ihò náà nígbàkúùgbà tó bá dí. Èyí tó ń tú 0.9, wọ́ṣà inú rẹ̀ ló ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, kò sì lágbára mọ́ bó ti wù kí o fà á tó. Ilẹ̀ ṣú, a kò tíì rin okùn kankan.

Mo lọ sí Sábó lọ́jọ́ kejì ní ìdájí, mo ra nọ́súlù mẹ́jọ, aláwọ̀ búlúù gbogbo wọn. Ní ìlànà ISO tí àwọn tó ń ṣe nọ́súlù ń tẹ̀lé káàkiri àgbáyé, àwọ̀ ló ń sọ iye tí nọ́súlù ń tú: yẹ́lò 0.8 lítà ní ìṣẹ́jú kan, búlúù 1.2, pupa 1.6, bí agbára ìtì bá jẹ́ bar 3. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, mo sì gbára lé e. A dé wọn mọ́ orí pọ́ǹpù, a wọ̀n wọ́n: mẹ́ta tú 1.2, mẹ́rin tú 1.5. Ẹ̀kẹjọ kò tilẹ̀ wọ orí ọ̀pá pọ́ǹpù, ojú ìlọ́ rẹ̀ kò bá tiwa mu. Ẹni tó bá ṣe nọ́súlù láìtẹ̀lé ìlànà lè kùn ún ní àwọ̀ tó bá wù ú, kò sì sí ohun tó wà lára rẹ̀ tí yóò sọ fún ọ. Ọjọ́ kejì lọ báyẹn. Owó oúnjẹ lọ, owó ọkọ̀ lọ, gbogbo wa padà sílé láìkọ́ nǹkankan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé pọ́ǹpù kan, jọ́ọ̀gì àti kẹ́ẹ̀gì omi lọ sí ìsọ̀ tí mo ti ra nọ́súlù náà ní Sábó. Mo ní n kò ní san kọ́bọ̀ láìjẹ́ pé mo wọn nọ́súlù lójú ẹni tó ń tà á. Obìnrin tó ń tajà kọ́kọ́ bínú, ó ní mo ń da omi sí òun ní ìsọ̀. Nígbà tó rí i pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọjà aláwọ̀ kan náà ń tú, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa àwọn tó dára jọ. Márùn-ún ni mo rí mú kún mẹ́ta tí a ní. Mo ra wọ́ṣà méjìlá mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà tó dá wa dúró ju nọ́súlù lọ, èmi ni mo sì fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo ní agolo méjì yẹn kò tọ̀nà. Bàbá kan wà láàárín wọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó wọlé, òun ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Bàbá kò bá mi jiyàn. Ó kàn ká ọwọ́ gbera, ó dákẹ́, àwọn méjì tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì dákẹ́ tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, ohun tí mo bá ní kí wọ́n wọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kò dá a ṣe.

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ bá a kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di aago àti ìwé ìṣirò mú, kí ẹ darí ìwọ̀n náà." Mo sún sẹ́yìn. Bàbá ní kí a kọ́kọ́ dá nọ́súlù àtijọ́ padà sórí pọ́ǹpù tirẹ̀, kí òun fi ojú ara òun rí i. Ó tú 1.8. Ó rin okùn náà já ní ìṣẹ́jú àáyá 100, lítà 3 ló lọ. Ó ṣírò ó síwájú gbogbo wa: lítà 120 fún éékà, táǹkì méje àbọ̀, lítà 2.4 oògùn dípò 1.6. Ó wo ìwé náà títí. Ó ní, "Mílílítà ẹgbẹ̀rin lórí éékà kan ṣoṣo! Owó àwọn àgbẹ̀ la ń dà sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá." Láti ìgbà yẹn, òun ló ń ké sí àwọn yòókù pé kí wọ́n tún un wọ̀n.

Ìrìn ló kù. Kódà lẹ́yìn tí nọ́súlù ti bára mu, ọ̀kan nínú wọn rìn ín ní ìṣẹ́jú àáyá 80, ó lo lítà 1.6, òmíràn rọra rìn ín ní 130, ó lo 2.6. Má gbìyànjú láti mú kí gbogbo wọn rìn bákan náà, kò lè ṣeé ṣe. Jẹ́ kí kálukú rìn bó ṣe máa ń rìn lóko, kí ó fa ọwọ́ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan fún ìṣísẹ̀ méjì, kí ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó wá ṣírò iye oògùn tó tọ́ sí táǹkì tirẹ̀. Kí ọjọ́ kẹta tó parí, nọ́súlù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń tú láàárín 1.15 sí 1.3. Inú mi dùn sí ìyẹn gidigidi. Bí nọ́súlù bá ti fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tó ń tú nígbà tó wà ní tuntun lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí mo bá tún un ṣe, màá gba pọ́ǹpù wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, màá wọ̀n wọ́n, màá sì ra ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀. Màá kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn nílé, kí n bá a sọ ọ̀rọ̀ náà ní ìkọ̀kọ̀. Ife tó ní ìlà mílílítà ni màá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Agolo mílíìkì kò yẹ nítòsí oògùn, torí ọmọdé á tún gbé e bu omi mu. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni kí wọ́n fi fọ nọ́súlù, kì í ṣe abẹ́rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹnu fọn ọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ wo ọ̀kan nínú àwọn EA, obìnrin ni, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí Ìkòyí-Ilé. Mo jókòó sẹ́yìn, n kò sọ̀rọ̀. Ó kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí abẹ́ ìdérí pọ́ǹpù rẹ̀ pẹ̀lú bírò tí omi kì í pa: iye tó ń tú ní ìṣẹ́jú kan, táǹkì mélòó fún éékà, mílílítà mélòó fún táǹkì. Ó ní kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọn tirẹ̀. Pọ́ǹpù mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, mẹ́rin péré ni nọ́súlù wọn ṣì dára. Mo ti kọ ìwé béèrè fún nọ́súlù mẹ́rìndínlógún àti jọ́ọ̀gì ìwọ̀n mẹ́jọ fún blọ́ọ̀kù wa, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a óò wọ̀n wọ́n kí a tó buwọ́ lùwé pé a gbà wọ́n.