Bí Mo Ṣe Tún Ìtàn Ikú Franz Ferdinand Kọ Lẹ́yìn Tí Mo Ti Sanwó Rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó situdíò lórí ìtàn kan ṣoṣo, inú ṣì ń bí mi. Mo gbé iṣẹ́ fún ẹnì kan tó ní òun mọ ìtàn Ogun Àgbáyé Kìíní bí ẹni mowó, pé kó bá mi kọ ìtàn Franz Ferdinand, àrólé ọba Ọ́stríà-Húngárì tí ikú rẹ̀ dá ogun náà sílẹ̀, tí a óò kà ní Yorùbá fáwọn olùgbọ́ wa. Mo sanwó rẹ̀ pé. A ti gba ohùn sílẹ̀ tán kí àṣírí tó tú. Ó ní ọmọ bíbí inú Ọba Franz Joseph ni. Ó ní Gavrilo Princip, ẹni tó yìnbọn pa á, dúró ń jẹ búrẹ́dì ni mọ́tò fi wá bá a. Ó ní awakọ̀ ṣìnà. Kò dá kọ́bọ̀ padà fún mi. Mo bá jókòó, mo kọ ọ́ fúnra mi.

Ìgbà èwe rẹ̀ ò gba àkókò. Graz ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọdún 1863. Ọmọ àbúrò ọba ni. Rudolf tí í ṣe ọmọ ọba gan-an kú ní Mayerling ní oṣù Kìíní ọdún 1889, Karl Ludwig, bàbá Franz Ferdinand, sì kú ní 1896. Òun ni oyè wá kàn.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ọlọ́lá ni Sophie Chotek, àmọ́ ààfin ní kò tó ẹni tí àrólé ọba ń fẹ́. Franz Ferdinand ní Sophie ni òun máa fẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, ọdún 1900, wọ́n mú un búra pé ọmọ tí Sophie bá bí fún un kò ní jọba láé. Ọdún 14 géérégé sí ọjọ́ ìbúra yẹn ni wọ́n pa tọkọtaya náà. Ẹni tí mo sanwó fún ò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa èyí!

Kọ̀rọ̀ kan ní Sarajevo, ìlú ní Bosnia tí wọ́n ti pa wọ́n, ló wá há mi lọ́fun. Bọ́ǹbù tí Nedeljko Čabrinović, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Princip, jù láàárọ̀ ọjọ́ náà ò ba àrólé. Abẹ́ mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ti bú, ó sì ṣe àwọn èèyàn léṣe. Wọ́n dé gbọ̀ngán ìlú, àrólé fi ìbínú já lu ọ̀rọ̀ olórí ìlú tó ń kí i káàbọ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọ̀gá ológun tó gbọgbẹ́ nílé ìwòsàn. Títí débẹ̀, ó yé mi. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ju bọ́ǹbù sí, kí ló dé tí mọ́tò rẹ̀ tún lọ dúró síwájú ẹlòmíràn tó mú ìbọn dání? Count Harrach, ìjòyè kan tó bá wọn rìn, sì wà lórí àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, tó fi ara rẹ̀ ṣe asà fún un! Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Àbúrò mi tó ń bá mi kà á ní kò yé òun, ó sì dùn mí, nítorí kò tíì yé èmi náà.

Máàpù ló yọ mí. Mo ya odò Miljacka sórí bébà, mo ya òpópónà Appel Quay sétí rẹ̀. Bí mọ́tò bá ń bọ̀ láti gbọ̀ngán ìlú, ọwọ́ òsì ni odò wà. Ètò àtẹ̀yìnwá ni kí wọ́n yà sọ́tùn-ún níbi Afárá Latin, kí wọ́n gba òpópónà Franz Joseph. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ilé ìwòsàn, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n máa lọ tààrà létí odò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fáwọn awakọ̀. Mọ́tò iwájú yà, Leopold Lojka tó wa àrólé náà yà tẹ̀lé e. Lojka ò ṣìnà rárá, ọ̀nà tí wọ́n fún un ló gbà. Gómìnà Potiorek pariwo pé ibẹ̀ kọ́, Lojka tẹ búrèkì, mọ́tò dúró. Harrach wà lápá òsì, níhà odò, níbi tí bọ́ǹbù ti wá láàárọ̀. Apá ọ̀tún ni Princip wà, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí wọn. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan bà Sophie níkùn, èkejì bà ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Harrach gbọ́ tí ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó má kú, kó wà láàyè nítorí àwọn ọmọ wọn. Ó ṣòro fún mi láti ka ibẹ̀ sínú makirofóònù.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ò sí nínú ohun tí Princip sọ nílé ẹjọ́, mo yọ ọ́ dànù.

Ìyókù yá. Artstetten ni wọ́n sin àwọn méjèèjì sí, nítorí ibojì àwọn ọba ní Vienna kò ní gba Sophie. Mo fi Kamina kún un, lẹ́bàá Atakpamé ní Togo, níbi tí àwọn èèyàn wa tó ń sọ èdè Ifẹ̀ ń gbé. Kò tíì pé oṣù méjì tí ìbọn dún ní Sarajevo tí àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Togo nígbà náà fọwọ́ ara wọn ba ilé wáyálẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ jẹ́, tí wọ́n sì túúbá fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, inú mi sì dùn pé èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn yìí, ẹ kọ́kọ́ ya kọ̀rọ̀ yẹn sórí bébà kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ bi í pé apá ibo ni Harrach dúró sí. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má san kọ́bọ̀.