Ìjẹ oníyọ̀ lórí ọ̀sà: àṣìṣe tó ń dá wa padà sílé lọ́wọ́ òfo

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lójú omi Májídùn, ẹ̀ẹ̀meje ni mo fa okùn mi sókè, ẹ̀ẹ̀meje ni mo bá ìwọ̀ lásán. Ẹja ń jẹ ìjẹ, ìyẹn ẹdé tí mo fi sẹ́nu ìwọ̀ láti fi tàn án. Mo ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí okùn ṣe ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹdé tí mo fi iyọ̀ pa mọ́ ti rà kó tó dé ẹnu ìwọ̀. Ilé ni mo ti pàdánù ẹja ọjọ́ náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ẹdé á wà nílẹ̀ láti òwúrọ̀, orí rẹ̀ á ti dúdú, ìgbà tó bá ń rùn la óò tó rántí iyọ̀. Iyọ̀ kì í jí ẹdé tó ti bàjẹ́. Ibi tí ẹ bá ti rà á ní tútù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ tẹ́ iyọ̀ oníhóró sí ìsàlẹ̀ ike, ẹ to ẹdé lé e, ẹ tún bu iyọ̀ bò ó. Tó bá di ọjọ́ kejì, omi á ti sun jáde lára rẹ̀. Ẹ dà á nù! Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹdé sílẹ̀ nínú omi yìí, rírọ̀ ló sì ń rọ̀ sí i. Ẹ gbé e sórí asẹ́ kó ro, kí ẹ tó bu iyọ̀ tuntun sí i. Èyí tó gba iyọ̀ dáadáa máa ń le lọ́wọ́ bíi pọ̀nmọ́.

Ẹ má fi ẹdé gbígbẹ ọbẹ̀ dípò rẹ̀, fífọ́ ló máa fọ́. Bó bá jẹ́ ẹja ṣàwá lẹ ní, ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tàwọtàwọ, torí awọ ló ń di ìwọ̀ mú. Ẹ má sì bo ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ pátá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni tàwọn tó ń wọ́n oògùn apakòkòrò sí ìjẹ torí eṣinṣin. Májèlé ni. Ẹja tó bá gbé e mì, inú ìkòkò ọbẹ̀ yín ló ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Àwọn mìíràn á dákọ̀ró síbì kan láti àárọ̀ dalẹ́. Òkun ló ń mú kí Ọ̀sà Èkó máa kún, kó sì máa fà, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, àkókò rẹ̀ sì ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́, òórùn ìjẹ kì í rìn jìnnà. Ibi tí omi ti ń ṣàn kọjá ni kí ẹ wá, kí ẹ sì ju ìwọ̀ sápá ibi tó ń ṣàn lọ. Nígbà òjò, omi odò Ògùn máa ń ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ inú omi á dínkù, ọ̀pọ̀ ẹja òkun á sì fà sẹ́yìn. Ẹ má máa wá wọn níbi tí ẹ ti pa wọ́n lọ́gbẹlẹ̀. Ẹ kọjú sí ọbọ̀kún.

Ẹ má nàró nínú ọkọ̀ kékeré nítorí ẹja tó tóbi. Ẹ jókòó fà á. Ẹ má so okùn mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ má sì so ìdákọ̀ró mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láé, torí bí omi bá ń fà gidigidi, ó lè dojú ọkọ̀ dé kí ẹ tó pariwo. Iwájú ọkọ̀ ni ìdákọ̀ró ń gbé, kí ọ̀bẹ tó mú sì wà nítòsí tí ẹ ó fi gé okùn rẹ̀.