Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ríra àwòrán Anni Albers

Berlin ni wọ́n bí Anni Albers sí ní 1899. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Bauhaus ní Jámánì ló ti kọ́ aṣọ híhun, ó sì kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933. Àwọn àrà onílà àti onígun mẹ́ta rẹ̀ ti wá di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà tà káàkiri, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà.

Èyí tó ń jẹ owó jù: ẹ má rò pé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tó wà lórí bébà jẹ́ ẹ̀dà aṣọ. Ní 1963 ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, Josef, dé ilé ìtẹ̀wé Tamarind ní Los Angeles. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe àwòrán àtẹ̀jáde fúnra rẹ̀, nígbà tó yá ó pa òfì tì pátápátá. Ọ̀tọ̀ ni èyí tó tẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni pósítà rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni fọ́tò aṣọ tó hun. Owó wọn kò sún mọ́ra rárá. Pẹ́ńsù ló sábà máa ń fi buwọ́ lu tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà. Tí ẹ bá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ìbuwọ́lùwé náà, tí ẹ rí tótòtó kéékèèké, pósítà ni.

Ẹ má ra èyí tí ẹnì kan tún fi kọ̀ǹpútà yà. Nínú Red Meander, ọ̀kan nínú àwòrán àtẹ̀jáde rẹ̀, àrà kan náà ló tẹ̀ léra wọn, tó yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí pupa lè fẹ́lẹ́ níbì kan kó sì ki níbòmíràn. Ayédèrú a sọ gbogbo rẹ̀ di pupa kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ti aṣọ, bí Black White Yellow ti 1926, fọ́tò tí òwú ti hàn ni kí ẹ wá. Láìsí òwú, kí ló kù?

Ẹ má gé etí rẹ̀ kó lè wọ férémù. Férémù ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ má gbé e sí ojú oòrùn, ẹ má sì jẹ́ kí bébà kan gíláàsì.

Èyí tó kẹ́yìn kan àwọn tó ń wa àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti tẹ̀ ẹ́ tà. 1994 ni Albers kú, ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ Josef and Anni Albers Foundation. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó tẹ ẹyọ kan.