Òróró yànmọ̀tí, èémí àti aago: bí mo ṣe fi Ayurveda dẹ másùnmáwo ní Ifẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, dẹ másùnmáwo, kó má bẹ̀rẹ̀ látorí kápúsù. Òróró ló yẹ kó kọ́kọ́ wá, kí èémí tẹ̀ lé e, kí aago oúnjẹ àti aago oorun wá tẹ̀ lé ìyẹn. Bí mo ṣe tò ó nìyẹn ní Ifẹ̀ níbí nígbà ọyẹ́, nǹkan ọjà wa náà ni mo sì fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìṣègùn yìí gbà pé nǹkan mẹ́ta ló ń darí ara: vata, pitta àti kapha. Vata jẹ mọ́ afẹ́fẹ́: ó gbẹ, ó tutù, ó fúyẹ́, kì í gbélé. Pitta jẹ mọ́ iná, kapha jẹ mọ́ omi àti ilẹ̀. Ìdí nìyí tí másùnmáwo kì í fi í rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Ẹni tí vata rẹ̀ bá ru, oorun á dá lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa fò látorí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn, inú rẹ̀ á máa kùn, ìgbẹ́ á le, ètè á máa bó. Ẹni tó jẹ́ pé pitta ni tirẹ̀ á máa kanra, àyà á máa ta á. Ẹni tí kapha bá wọ̀ lára kò ní í fẹ́ dìde lórí ibùsùn, á sì máa jẹun ṣáá. Ti vata ni mo tọ́jú, ohun tí mo sì kọ síbí bá òun mu jù lọ. Bó bá jẹ́ pitta, ẹ fi òróró àgbọn rọ́pò yànmọ̀tí, torí ó ń tu ara. Bó bá jẹ́ kapha, òróró díẹ̀ àti ìrìn kíákíá láàárọ̀ ló yẹ ẹ́ ju òróró púpọ̀ lọ.

Òfin kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ohun tó bá jọ ara wọn á máa bù kún ara wọn, òdì rẹ̀ ló máa ń rọ̀ ọ́. Ọyẹ́ gbẹ, ó tutù, ó sì ń fẹ́, àfi bíi vata fúnra rẹ̀. Òróró yànmọ̀tí wúwo, ó ń mú ara gbóná, ó ń mú awọ rọ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn òróró wọn.

Kì í ṣe òróró dúdú inú ìgò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ni mò ń sọ o. Wọ́n ti yan hóró ìyẹn gidi, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún láì yan ni ká wá. Bí kò bá sí, ẹ fún un fúnra yín. Sábó ni mo ti ra hóró yànmọ̀tí, lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń pè é ní ridi. Mo fẹ́ ẹ, mo ṣà á, mo fọ̀ ọ́ títí yanrìn fi tán nísàlẹ̀ abọ́, mo sì sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ kanlẹ̀. Mo wá gbé e kaná díẹ̀ nínú agbada, kó ṣáà gbóná ni, kí àwọ̀ rẹ̀ má yí padà.

Ibi ìlọ̀ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ata tó kù lára irin rẹ̀ á wọnú òróró, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá fi pa itan. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ẹ̀gúsí gbígbẹ ni kí ẹ lọ. Nígbà tó bá ti di bíi ẹ̀pà lílọ̀, ẹ máa ta omi gbígbóná sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa pò ó, kí ẹ máa fún un. Á kọ́kọ́ le, á ṣù, òróró á wá máa yọ létí abọ́. Bí ẹ bá kánjú da omi pọ̀, á funfun bíi wàrà, òróró ò sì ní í yà mọ́. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n hóró yànmọ̀tí ló jẹ́ òróró, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn kò lè fún gbogbo rẹ̀ jáde. Èyí tó kù nínú abọ́ dára lọ́bẹ̀.

Ẹ sẹ́ òróró náà, kí ẹ sì sè é. Ó pọn dandan, torí omi tó bá kù nínú rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó tètè kan. Ìkòkò tó gbẹ ni kí ẹ lò, kí òróró má ju ìdajì rẹ̀ lọ, kí iná kéré. Á hó, á máa ta pàrà-pàrà bí omi ṣe ń gbẹ. Nígbà tí ìró yẹn bá dákẹ́, tí ìfófòó sì rọlẹ̀, ó ti tó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má dé e níwọ̀n ìgbà tó wà lórí iná, torí omi ara ìdérí á kán padà sínú rẹ̀, á sì ta síni lára. Bó bá ti ń rú èéfín, ó ti jóná, kò ṣeé fi pa ara mọ́. Bí iná bá sì ràn mọ́ ọn, ẹ fi ìdérí pa á, ẹ pa gáàsì, ẹ má da omi sí i láéláé. Nígbà tó bá tutù, ìgò gbígbẹ ni kí ẹ rọ ọ́ sí, kí ẹ gbé e kúrò lójú oòrùn.

Ṣíbí ńlá mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi 60 mìlílítà, tó gbogbo ara. Mo máa ń fi ìgò kékeré sínú abọ́ omi gbígbóná látinú fúláàsì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kò kan iná NEPA rárá. Ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ wò kí ẹ tó fi para. Inú òfo ló dára fún un, kí ẹ tó wẹ̀. Ẹ ti fèrèsé, ẹ dúró lórí ògbólógbòó aṣọ. Àtàrí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ bọ́ sí etí àti ọrùn. Ẹni tó bá dirun kò ní láti tú u, kó fi ìka tọ ojú ìlà irun rẹ̀ nìkan. Egungun gígùn ni kí ẹ fà lọ fà bọ̀, oríkèé ni kí ẹ máa yí po: èjìká, ìgúnpá, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀. Ikùn, ẹ yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, torí ọ̀nà tí ìfun ńlá ń gbà nìyẹn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ pẹ́ sí jù lọ. Ẹ jẹ́ kó wà lára fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ẹ tó fi omi lílọ́ wẹ̀.

Ẹsẹ̀ olóróró lórí táìsì balùwẹ̀, ewu ni. Àpótí ni mo máa ń jókòó lé wẹ̀. Ọṣẹ dúdú máa ń bó gbogbo òróró náà dànù, torí náà abíyá àti abẹ́ nìkan ni kí ẹ fi í fọ̀. Ibi yòókù, ẹ po ìyẹ̀fun ẹ̀wà gbígbẹ ṣíbí méjì mọ́ omi, kí ẹ fi ra á. Kí aṣọ tí ẹ dúró lé má sùn mọ́jú kí ẹ tó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òórùn rẹ̀ á gba gbogbo yàrá.

Ẹẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó fún gbogbo ara. Ní alẹ́ yòókù, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ẹni tí ibà ń ṣe, tí ikọ́ ń dà láàmú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tàbí tí oúnjẹ kò dà nínú rẹ̀, kó dúró ná. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù, wọ́n ní kó dá a dúró. Aláboyún ní láti kọ́kọ́ bi dókítà. Bí ẹsẹ̀ kan bá sì wú, tó ń roni, ẹ má fọwọ́ ra á rárá, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀.

Èémí ò gba owó. Èyí tí wọ́n ń pè ní nadi shodhana ni mo lò. Ẹ jókòó, kí ẹ̀yìn gún. Fi àtàǹpàkò ọ̀tún dí ihò imú ọ̀tún, níbi tó rọ̀ lábẹ́ egungun. Mí jáde látòsì, mí wọlé látòsì, ka mẹ́rin. Fi ìka òrùka dí òsì, ṣí ọ̀tún, mí jáde, ka mẹ́fà. Mí wọlé lọ́tùn-ún, ka mẹ́rin, kí o mí jáde lósì, ka mẹ́fà. Ẹyọ kan nìyẹn. Mẹ́wàá rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Mímí jáde tó gùn ju mímí wọlé lọ ló ń jẹ́ kí àyà rọlẹ̀, òun ni kí ẹ ṣọ́. Èèyàn púpọ̀ máa ń fa èémí bí ẹni tó fẹ́ wọ́dò, òòyì á wá máa kọ́ wọn, ìka á máa ta wọ́n. Ẹ dín in kù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ sé èémí mọ́ra. Bí ihò imú kan bá dí, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ máa kùn bí oyin nígbà tí ẹ bá ń mí jáde.

Ní ti aago, Ayurveda fún kapha ní aago mẹ́fà sí mẹ́wàá, pitta ní mẹ́wàá sí méjì, vata ní méjì sí mẹ́fà, ọ̀sán bẹ́ẹ̀, òru bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó pọ̀ jù, ọ̀sán gangan ni kó bọ́ sí. Inú ọmọ Ìjẹ̀ṣà á dùn sí èyí: iyán ọ̀sán kò lẹ́jọ́, ti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń jà. Ẹ sùn kí aago mẹ́wàá tó lù. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ebi òru á dé, èrò tuntun náà á dé. Ẹni tó máa ń ta jí ní aago mẹ́ta òru tó ń ro gbèsè, àkókò vata ló jí i. Ògì gbígbóná tí a fi ata ilẹ̀ sí dára fún un ju gàrí omi tútù lọ. Kó sì jìnnà sí gbànja tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU fi ń kàwé mọ́jú: ìdajì kaféìnì obì aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án.

Ashwagandha ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Gbòǹgbò ni, gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́fà ìyẹ̀fun rẹ̀ lójúmọ́ nínú mílíìkì lílọ́ ni wọ́n ń lò. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Íńdíà ní 2012, èèyàn 64 ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní 300 mílígíráàmù àyọ̀jáde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́. Másùnmáwo wọn dín kù, kọ́tísọ́ọ̀lù, ìyẹn họ́mónù másùnmáwo, náà dín kù. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, kò yẹ aláboyún, ó sì lè ta ko oògùn tàíróọ̀dù, ti ìtọ̀ ṣúgà àti ti oorun. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike rẹ̀. Oògùn Ayurveda tí wọ́n pò mọ́ irin jíjó, tí wọ́n ń pè ní bhasma, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ní 2008, wọ́n yẹ 193 oògùn Ayurveda tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wò, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ní òjé, mẹ́kúrì tàbí ásẹ́níìkì nínú.

Igi asofẹ́yẹjẹ wa ní ìbátan ní Íńdíà, sarpagandha. Ara ìyẹn ni wọ́n ti yọ reserpine ní 1952, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọpọlọ. Reserpine wà nínú asofẹ́yẹjẹ náà, ìdí nìyẹn tó fi ń mú alárùn ọpọlọ sùn. Ẹ má fi ṣe àgbo másùnmáwo nílé. Ó lè já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lójijì, ó sì lè da ìbànújẹ́ bo ọkàn. Bí àìsùn bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ọkàn ń rò ó pé ikú sàn, ẹ kọjá sí ilé ìwòsàn OAUTHC níbí, tàbí Wesley Guild tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní Iléṣà, kí ẹ sì ka gbogbo ewé àti egbò tí ẹ ń lò fún dókítà.