Bí a ṣe ń ka ìròyìn Ọsirélíà láti Ìbàdàn

Kọ́kọ́ wo aago. Aago méje àárọ̀ n'Ìbàdàn, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin, fi wákàtí kan kún un. Ibẹ̀ ni déètì ti ń dojú rú: àwọn kan á ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2021 ni wọ́n kéde AUKUS (àdéhùn ààbò tí Ọsirélíà, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà jọ ṣe), àwọn mìíràn á ní ọjọ́ 16. Irọ́ kọ́: ti Washington nìyẹn, ti Canberra nìyí.

Lẹ́yìn náà, ya ààbò kúrò lára ọjà. Ní ti ààbò, Amẹ́ríkà ni Ọsirélíà bá mulẹ̀ nínú àdéhùn ANZUS ti 1951. Ní ti ọjà, Ṣáínà ló ń ra òkúta irin wọn jù. Má sì pe ọkọ̀ abẹ́ omi tí Ọsirélíà fẹ́ gbà nínú AUKUS ní bọ́ǹbù: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ló ń lo agbára núkílíà.